Ikùn Ni Wọ́n Ṣe, Èjìká Ló Ń Dùn

Ẹnì kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kí sísanra rẹ̀ lè dín kù. Ikùn ni dókítà fọwọ́ kàn, ikùn náà sì ni ojú ọgbẹ́ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn akunnilóorun dá lójú rẹ̀, tó dìde jókòó, èjìká ló ń dùn ún, débi pé kò lè mí kanlẹ̀. Yóò wo nọ́ọ̀sì lójú, yóò ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ṣe fún èjìká mi?"

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu àìmọye èèyàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, yàrá tí wọ́n ń gbé aláìsàn sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo sì ti ṣiṣẹ́ jù. Ìrora èjìká yìí kì í pẹ́ lọ. Ohun tó ń ká mi lára ni ẹ̀rù tó máa ń gun orí ìrora náà nítorí pé kò sẹ́ni tó ti sọ fún aláìsàn tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé èjìká rẹ̀ á dùn ún fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, á fara dà á. Ẹni tí wọn ò sọ fún á rò pé ọkàn òun ló fẹ́ dúró, oorun á dá lójú rẹ̀, á máa gbọ̀n.

Àwọn ará ilé náà á ní àlàyé tiwọn. Ìyá á ní òtútù yàrá iṣẹ́ abẹ ló wọ eegun. Ẹ̀gbọ́n á ní làkúrègbé ni, kí wọ́n wá oògùn ìpara tó ń ta lára wá. Ẹlòmíràn á ní ó fi ọwọ́ sùn sí ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì pẹ́ díẹ̀, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ọwọ́ ayé kò sí nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló fà á, afẹ́fẹ́ tí dókítà fúnra rẹ̀ fẹ́ sínú ikùn aláìsàn, ó sì nídìí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Láyé àtijọ́, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, ṣe ni wọ́n ń la ikùn láti abẹ́ igbá àyà títí dé ìtòsí ìdodo. Bẹ́ẹ̀ ni Edward Mason ṣe é ní Yunifásítì Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní gastric bypass ní 1966. Ojú ọgbẹ́ gígùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná lára ẹni tó sanra, ó sì rọrùn fún un láti kẹ̀. Nígbà tó di 1994, Alan Wittgrove, Wesley Clark àti ẹnì kẹta wọn nínú iṣẹ́ náà gbé ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà pé àwọn ti ṣe bypass láti inú ihò wẹ́wẹ́. Ọ̀nà yẹn ló gbòde báyìí. Wọ́n á lu ihò bíi mẹ́rin sí mẹ́fà sí ikùn, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gba inú ọ̀kan wọlé, àwọn irinṣẹ́ gígùn á gba inú àwọn tó kù, dókítà á sì máa wo ohun tó ń ṣe lójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán.

Èyí tí wọ́n ń ṣe jù lónìí ni sleeve. Nínú rẹ̀, wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó kù kì í gbà ju 100 sí 150 mílílítà lọ. Ti bypass tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: àpò tí wọ́n dá sọ́tọ̀ sókè kì í sábà gbà ju 30 mílílítà lọ, ìfun ni wọ́n á sì so mọ́ ọn.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí a ṣe wà yìí, gbogbo ohun tó wà nínú ikùn wa ló lẹ̀ mọ́ra: ẹ̀dọ̀, àpòlúkù, ìfun, ọ̀rá. Kò sí àyè tí kámẹ́rà lè gbà ríran, kò sì sí àyè tí irinṣẹ́ lè gbà yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láìgún nǹkan. Nítorí náà, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn kí ara rẹ̀ lè gbé sókè. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Georg Kelling, ti dán irú rẹ̀ wò lára ajá ní 1901, afẹ́fẹ́ lásán tó sẹ́ mọ́ ló lò. Hans Christian Jacobaeus ní Sweden gbé e dé ara èèyàn ní 1910. Ní 1924, Richard Zollikofer, dókítà ará Switzerland, dábàá pé carbon dioxide ni kí wọ́n máa lò, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí síta lójoojúmọ́.

Ìmọ̀ràn ńlá ni. Irinṣẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ikùn, carbon dioxide kì í sì í gbiná. Ó tún máa ń tètè yòrò sínú ẹ̀jẹ̀. Tí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá ṣèèṣì wọ ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ewu rẹ̀ kò tó ti afẹ́fẹ́ lásán. Ara wa kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde: ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró á mí i síta. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹ dé ni 12 sí 15 lórí òǹkà mmHg, òǹkà kan náà tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, dókítà á ṣí ihò wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, á tún fọwọ́ tẹ ikùn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á jáde, ṣùgbọ́n kì í jáde tán. Èyí tó kù sẹ́yìn ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ apá yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Iṣan kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó pààlà sáàrin àyà àti ikùn. Òun la fi ń mí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní iṣan ìmí. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, nítorí náà bí aláìsàn bá ti dìde jókòó, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù á gòkè, á lọ sá sábẹ́ iṣan ìmí. Carbon dioxide àti omi ara á pàdé, wọ́n á di ásíìdì tí kò le púpọ̀, èyí á sì máa ta iṣan ìmí àti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣan náà ti nà jù nígbà tí wọ́n fẹ́ ikùn sókè, ara rẹ̀ sì ti wó.

Báwo ni èjìká ṣe wá kàn án? Fọ́nrán ìmọ̀lára tó ń gbé ìròyìn iṣan ìmí lọ sí ọpọlọ wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ní ọrùn, ní ipele kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ipele kẹta àti ìkẹrin yẹn náà ni ìròyìn awọ orí èjìká ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé agbo ilé méjì wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbà dé ojú títì. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà yẹn mọ àwọn ará agbo ilé kìíní dunjú, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn ará agbo ilé kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ tí igbe bá ta láti agbo ilé kejì, agbo ilé kìíní ni ìyá yẹn á sáré lọ. Ohun tí ọpọlọ wa ń ṣe nìyẹn. Láti ọjọ́ tí a ti dáyé, èjìká ló ń ránṣẹ́ sí i láti ojú ọ̀nà yẹn. Iṣan ìmí kì í sábà sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá ké, ọpọlọ ní èjìká ni.

Ìdí nìyí tí ẹ lè fi ra èjìká náà láti alẹ́ di òwúrọ̀ tí ohun tó fa ìrora kò ní kúrò níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe èjìká. Mo ti rí aláìsàn tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ ní kété tó gbọ́ gbólóhùn yẹn, kí oògùn kankan tó dé ẹnu rẹ̀.

Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ kìíní àti ìkejì ló sì máa ń le jù. Nígbà púpọ̀, èjìká ọ̀tún ló máa ń jẹ́. Ó lè jẹ́ ti òsì, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, á ti máa fúyẹ́, kì í sì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Àmì kan wà tí ẹ fi lè dá a mọ̀: tí aláìsàn bá jókòó tàbí tó dìde dúró, á le sí i, tó bá dùbúlẹ̀, á dẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ á kúrò lábẹ́ iṣan ìmí.

Afẹ́fẹ́ kejì wà o, òun làwọn èèyàn sì máa ń dà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Èyí wà nínú ìfun. Oògùn akunnilóorun máa ń mú kí ìfun dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀, oògùn ìrora líle bíi tramadol àti morphine sì tún ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Afẹ́fẹ́ tí aláìsàn gbé mì mọ́ omi kò wá ráyè kọjá. Inú á wú, á máa dún, á máa lọ́, nígbà mìíràn ìrora náà á há sí abẹ́ ìhà. Gùfẹ̀ àti ìsó ló ń mú ti èyí jáde. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè bóyá ẹ ti só, ẹ má tijú. Mo mọ̀ pé ọmọlúàbí ni yín, mo sì mọ̀ pé bàbá àgbàlagbà kò fẹ́ dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yín ló ń sọ fún wa pé ìfun ti jí padà sẹ́nu iṣẹ́.

Afẹ́fẹ́ tó ń dun èjìká kò sí nínú ìfun rárá. Ẹ̀yìn òde ìfun ló wà, nínú àlàfo ikùn. Gùfẹ̀ kò lè mú un jáde, ìsó kò lè mú un jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló máa gbé e, ẹ̀dọ̀fóró ló máa lé e. Oògùn simethicone tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún inú wíwú, inú ìfun ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó lè dín ti ibẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò débi tí ti èjìká wà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á máa ra oògùn kún oògùn, á sì máa rò pé ara òun ni kò gba oògùn.

Kí ni kéèyàn wá ṣe? Kó rìn. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí ju ohun gbogbo lọ. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, tí nọ́ọ̀sì bá ti ní ó ti tó àkókò, kó dìde, kó di nǹkan mú, kó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn kó padà. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, kó tún rìn. Ẹ̀jẹ̀ á yára lọ, èémí á jinlẹ̀, ìfun á jí, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dì sí ẹsẹ̀. Láàrin ìrìn, kó jókòó, kó fi ìrọ̀rí di ikùn mú, kó fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀ títí á fi kún, kó dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta, kó tú u sílẹ̀. Á dùn ún níbẹ̀rẹ̀. Kó má torí ìyẹn máa mí lé téńté, nítorí ẹ̀dọ̀fóró tí kò bá ṣí dáadáa, àìsàn tètè ń wọ̀ ọ́.

Àṣà wa máa ń dènà èyí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ará ilé gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí a ṣe ń fi ìfẹ́ hàn sí aláìsàn nílẹ̀ Yorùbá ni pé ká ní kó sinmi. "Ẹ má dìde mà. Kí lẹ fẹ́? Màá bá yín mú un wá." Ọmọ á gbé omi wá, ìyàwó á gbé tẹmómítà wá, aláìsàn á wà lórí ibùsùn láti àárọ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ ń pa á lára. Ẹ bá a rìn. Ẹ di apá rẹ̀ mú, kí ẹ jọ máa lọ káàkiri pálọ̀. Àwọn tó ń bẹ aláìsàn wò náà, tí wọ́n ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání wá pé kó jẹun kó lè lágbára, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e sí ilé ìdáná fún àwọn tó lè jẹ ẹ́. Àpòlúkù tuntun yẹn kò lè gba àwo oúnjẹ kan. Ohun tó ṣàn gereré tí dókítà bá fọwọ́ sí ni ti ọjọ́ wọ̀nyí, ní fífẹnu bà díẹ̀díẹ̀, nínú ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn olómi.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mọ́ọ̀tì, àti gbogbo ohun mímu tó ń hó, kí wọ́n jìnnà sí i. Ẹ má fi sítírọ́ọ̀ mu nǹkan, ẹ má jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù, nítorí afẹ́fẹ́ ni àwọn méjèèjì ń kó wọnú. Ìyẹ̀fun oníyọ̀ tí a máa ń dà sínú omi tó fi ń hó ṣùùù, tí ọ̀pọ̀ ń lò láti fi mú kí inú wọn fúyẹ́, ó ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀ nínú. Ẹ gbé e jù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí tíì ewé mint tí kò ní ṣúgà, máa ń tu àwọn kan lára.

Ní ti èjìká fúnra rẹ̀, ẹ lè fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi gbígbóná tí ẹ sì fún tàbí rọ́bà omi gbígbóná lé e, kó ṣáà má gbóná débi tí á bó awọ. Kò mú afẹ́fẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ó ń tu èèyàn nínú, mi ò sì ka ìyẹn sí nǹkan kékeré ní aago méjì òru. Ẹ má gbé e lé ojú ọgbẹ́ ikùn. Tí jíjókòó bá le jù, kí ó dùbúlẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kí orí ga díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, kó tó tún dìde rìn.

Oògùn ìrora wá. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa. Paracetamol ni kí ẹ kọ́kọ́ gbára lé, èyí tó jẹ́ olómi tàbí tí ẹ lọ̀ kúnná, kì í ṣe èyí tó ń hó nínú omi. Fún àgbàlagbà, 1 gíráàmù ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 4 gíráàmù lọ láàrin wákàtí 24. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní àìsàn gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n tirẹ̀ lẹ́nu dókítà. Ibuprofen, diclofenac, naproxen àti piroxicam ń kọ́? Ẹ má fẹnu kàn wọ́n àyàfi tí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ bá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ fún yín. Wọ́n máa ń ṣí ààbò tó wà lára awọ inú àpòlúkù kúrò. Lẹ́yìn bypass pàápàá, ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun mọ́ àpòlúkù lè di egbò, kó máa ṣẹ̀jẹ̀, ó tilẹ̀ lè lu. Àwọn oògùn tí wọ́n ń dì pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré ní ìsọ̀ oògùn, tí wọ́n á ní ti ara ríro ni, irú àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára ọ̀rá. Àgbo náà, ti ọlọ́tí àti ti olómi, ẹ jọ̀wọ́, kó dúró ná. Ẹni tó sì ń lo aspirin nítorí ọkàn rẹ̀, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó bi dókítà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ àṣírí. Obìnrin tó bá lọ yọ fíbúrọ́ìdì, gbogbo ẹbí ló máa mọ̀, wọ́n á wá kí i, wọ́n á bá a dúpẹ́. Ẹni tó bá lọ ṣe ti sísanra máa ń sọ pé òun rìnrìn àjò. Ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ: pé ọ̀lẹ ni, pé ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó dí. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò rí orúnkún tó ti jẹ tán, wọn ò rí àtọ̀gbẹ, wọn ò rí èémí tó ń dá lójú oorun. Àìsàn ni sísanra àjù, ẹni tó sì wá ìtọ́jú rẹ̀ kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nítorí ẹnu ayé, ó dá wà nínú yàrá lóru, èjìká ń dùn ún, kò sì lè pe ìyá rẹ̀ torí pé ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún un. Mi ò ní kí ẹ kéde lọ́jà. Ẹ sọ fún ẹnì kan ṣoṣo tó lè sùn ti yín fún ọ̀sẹ̀ kìíní, kó mọ orúkọ iṣẹ́ abẹ náà, kó sì ní nọ́ńbà dókítà lọ́wọ́.

Ẹni yẹn ṣe pàtàkì nítorí pé gbogbo ìrora kọ́ ni afẹ́fẹ́. Ìrora afẹ́fẹ́ ń rọlẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó ń gòkè, tàbí tó lọ tán tó wá padà dé, ẹ má fi afẹ́fẹ́ pè é. Lẹ́yìn sleeve, ojú ibi tí wọ́n rán lè jò. Òkè pátápátá, nítòsí ibi tí oúnjẹ ti ń wọ àpòlúkù, ló ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ sì sún mọ́ iṣan ìmí lápá òsì. Omi inú àpòlúkù tó bá jò síbẹ̀ á ta iṣan ìmí gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ta á, èjìká òsì á sì máa dun aláìsàn. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn, nígbà tí èèyàn ti padà sílé.

Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ aláìsàn nígbà tó wà ní ìjókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ ka lílù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá kọjá 120, tí kò sì wálẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kódà bí ara rẹ̀ kò bá gbóná, nítorí ọkàn tó ń sáré ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa pé nǹkan ti jò. Bákan náà ni tí ara bá gbóná ju 38 lọ lórí tẹmómítà, tí ikùn le gbagidi, tí ó ń bì láìdákẹ́, tí ó bi ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Tí àyà bá ń fún un, tí ìrora gba apá tàbí àgbọ̀n, tí ó ń làágùn òtútù, ọkàn ló lè jẹ́. Tí èémí bá ṣàdédé ń ká a, tàbí tí ẹ̀yìn ojúgun kan wú tó sì ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ dídì ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ẹ má dúró di àárọ̀ fún ìkankan nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni ní ilé ìwòsàn bá sì wò yín lójú tó ní "gáàsì lásán ni, ẹ máa lọ sílé," ẹ sọ fún un kó ka lílù ọkàn náà lójú yín, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì pe ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣe é, ẹ bi dókítà yín kí ọjọ́ tó pé. Ẹ bi í bóyá ó lè lo ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó kéré jù tí iṣẹ́ náà lè gbà. Ẹ bi í bóyá ẹni tó ń fún yín ní oògùn oorun á fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró yín kún nígbà tí iṣẹ́ bá ń parí, kí iṣan ìmí lè ti afẹ́fẹ́ tó kù jáde. Àwọn ọ̀nà méjèèjì yìí wà, wọ́n sì lè dín ìrora èjìká kù. Dókítà gidi kò ní bínú sí ìbéèrè.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Tọ́kì tàbí Íńdíà lọ ṣe é, láti Èkó tàbí láti London. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ tí kò ṣeé sún síwájú. Títí dókítà tó ṣe é yóò fi yẹ̀ yín wò tó ní ẹ lè wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ má wọ̀ ọ́. Jíjókòó fún wákàtí mẹ́fà méje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀, tí nǹkan bá sì jò lókè yẹn, kò sí yàrá iṣẹ́ abẹ nínú ọkọ̀. Ẹ gba ìjókòó tó wà létí ọ̀nà kí ẹ lè máa dìde rìn. Ẹ gba lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ilé ìwòsàn náà, kí orúkọ iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, oògùn tí ẹ ń lò àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pe dókítà lóru wà nínú rẹ̀. Inú àpò tí ẹ máa gbé dání ni kí ó wà, kí ó má bá ẹrù lọ. Tí ẹ bá sì délé, kí ẹ ti mọ ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ tó sún mọ́ yín jù, àti ẹni tó máa wa ọkọ̀ gbé yín débẹ̀ bó bá di dandan láàrin òru.